Màlúù Kò Gbọdọ̀ Jí Lójú Ọ̀nà

Ìbídùn gbé etí lé ìhà abo màlúù kan, ó pajú dé, ó ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀. Inú ọkọ̀ gbóná bí inú ààrò. Òógùn ń ro tótó láti iwájú orí rẹ̀ bọ́ sára irun màlúù, kò sì ní agbára àtinù ún. Lókè orí rẹ̀, ohùn ọkọ̀ tún sọ èyí tó ti ń sọ látàárọ̀:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. À ń retí àṣẹ bodè."

"Sùúrù ti tán lọ́wọ́ wa," ni Ìbídùn fèsì, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò gbọ́. Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, ta lèèyàn fẹ́ bá jà níbẹ̀?

Ọkọ̀ náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni àwọn màlúù Baba Gìdáádò sùn sí, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn rọ́bà, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ, ìbomú dúdú bo imú kálukú wọn. Láti ara ìbomú ni ọ̀pá rọ́bà ti lọ bá àgbá afẹ́fẹ́ oorun tó wà ní ìdí ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣe ṣíì, ṣíì, ó ní òórùn kan tó dùn bí èso tó ti fẹ́ rà. Bó ti wù kí Ìbídùn bo imú tirẹ̀ tó, díẹ̀ a máa jò wọlé sí i. Ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ ọ ní gbogbo ìrìn àjò. Iṣẹ́ olùṣọ́-èémí yìí sì ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé kò rántí mọ́ bó ṣe máa ń rí kí orí má fọ́ èèyàn.

"Kí lo gbọ́?" ni Baba Gìdáádò bi í.

Bàbá náà jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé akẹtẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún. Òun ló ni agbo. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n Ṣakí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí lọ.

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti mí, Baba."

"Oorun ló ń sùn. Kí ló wá ń rẹ ẹni tó ń sùn?"

"Ẹ wo ìhà rẹ̀. Nígbà tó bá lajú, tó bá mí sínú, ìhà á fẹ̀, ikùn á sì wú, àwọn méjèèjì á jọ ṣe é ni. Ẹ wo nǹkan tó ń ṣe báyìí. Ikùn ń wú, àyà ń jìn wọlé."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ikùn abo màlúù náà gbéra sókè, egungun ìhà rẹ̀ sì wọlé sí i, bí ìgbà tí ọkọ àti aya bá ń fa aṣọ kan náà lórí ibùsùn.

"Afẹ́fẹ́ yìí kò fi ibì kankan sílẹ̀," ni Ìbídùn wí. "Àwọn iṣan tó wà láàrin egungun ìhà ló kọ́kọ́ ń mú. Tí wọ́n bá ti sùn, ó ku iṣan kan ṣoṣo, èyí tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó pín àyà níyà sí ikùn. Òun nìkan ló ń fa èémí fún gbogbo ara. Afẹ́fẹ́ ti gba díẹ̀ nínú agbára òun náà, ikùn tó kún fún koríko tún dùbúlẹ̀ lé e. Ó lè fara dà á láti àárọ̀ sí ìyálẹ̀ta. Wọ́n ò dá a láti ru irú ẹrù yìí di ìrọ̀lẹ́."

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ni bàbá wí, "tí màlúù bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí tí kò dìde, kò sẹ́ni tó ń dúró pe ẹnì kejì. Gbogbo wa la máa sáré lọ gbé e."

Ìbídùn di igi ilẹ̀kùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí títì.

Oòrùn ìta gbá a lójú. Níwájú ọkọ̀ ni ilẹ̀kùn bodè wà, irin gàgàrà tó dí títì pa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Oko iṣu ló wà ní ọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ ló wà ní òsì, ewé wọn tutù minimini lẹ́yìn wáyà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ńlá kan pé: LÁTI ODÒ DÉ ODÒ, MÀLÚÙ KAN KÒ GBỌDỌ̀ LAJÚ. Lẹ́bàá pátákó náà ni òpó kan ga sókè, Ojú Bodè wà lórí rẹ̀, ó rí róbótó, ó ń dán, iná àwọ̀ ewé kékeré kan ń tàn ní ìdí rẹ̀. Bí Ìbídùn ti ń rìn ni Ojú náà ń bá a yí.

Ìbídùn mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó rí oko bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí màlúù jẹ ẹ́ tán, ó sì rí ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tí àdá gé níbi ìjà tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí òfin jáde pé kí màlúù máa fojú oorun kọjá nínú ilẹ̀ oko, ìjó ni gbogbo abúlé wọn jó. Láti ìgbà náà, àdá kankan kò tún kan ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìbídùn sì kọ́ iṣẹ́ tó wà nínú òfin náà tọkàntọkàn, ó gba báàjì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Kò sí ìgbà kan tó bú òfin yẹn rí.

Ọ̀gá bodè, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnsọlá, jókòó sábẹ́ ibòji kékeré tó kù lára ògiri bodè. Ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

"Màdáámù, tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà ni, ẹ ti délé." Ó fi orí tọ́ka sí irin náà. "Orílé-iṣẹ́ ló ń ṣí i láti ọ̀ọ́kán. Nẹ́tíwọ̀kì ti dá látàárọ̀. Mo pè títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e."

"Nẹ́tíwọ̀kì dá, Ojú yẹn sì ń ṣiṣẹ́?"

"Nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń báni wí kì í bà jẹ́, màdáámù. Èyí tó ń ranni lọ́wọ́ ló máa ń bà jẹ́."

"Àwọn màlúù mi ti fẹ́ máa kú. Ẹ jẹ́ kí n pa afẹ́fẹ́ oorun, kí n jí wọn, kí wọ́n dìde dúró lórí títì níbí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹyọ kan tẹ ebè ẹnikẹ́ni."

Ògúnsọlá gbójú sókè wo òpó náà kó tó dáhùn.

"Bí ẹyọ kan bá gbórí sókè, ó ti rí i nìyẹn. Àwọn agbẹ́sẹ̀lé á dé. Wọ́n á kó gbogbo agbo, wọ́n á kó ẹ̀yin náà, èmi náà á sì lọ ṣàlàyé. Kò sí bá a ṣe lè se ebòlò kó má rùn'gbẹ́."

"Tí wọ́n bá kú sínú oorun ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Òfin ò sọ pé kí wọ́n má kú," ló wí, ó sì wí i bí ẹni tó ń tijú ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Baba Gìdáádò ké láti inú ọkọ̀: "Oole! Oole o!"

Ògúnsọlá fò dìde láìwọ bàtà. "Olè? Olè wọlé sínú ọkọ̀?"

"Orúkọ màlúù ni, ọ̀gá," ni Ìbídùn wí, ó ti ń sáré. "Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn." Ní ọjọ́ mìíràn, àwọn méjèèjì ì bá fi rẹ́rìn-ín.

Oole ni ìyá agbo, abo màlúù arúgbó kan tí ìwo rẹ̀ ṣe kọrọdọ. Èémí rẹ̀ ti dá. Ìbídùn yọ ìbomú kúrò ní imú rẹ̀, ó ti ọ̀pá rọ́bà nínípọn kan bọ̀ ọ́ lọ́fun bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì so ẹwìrì mọ́ ọn. Ẹwìrì ni wọ́n ń pe àpò rọ́bà náà, nítorí bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fín iná ni olùṣọ́-èémí ṣe ń fi í fín atẹ́gùn sínú ẹran. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò rò pé màlúù méjì lè ṣàìlèmí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àyà Oole gbéra. Ó tú u sílẹ̀, àyà náà wálẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìdí ọkọ̀, ọ̀dọ́ abo kan gbọ̀n pẹ́ẹ́, ó mí kan, kò sì mí èkejì. Ìbídùn gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láàrin ariwo gbogbo yòókù. Ó wo ẹwìrì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀ọ́kán, kò sì lè lọ.

Baba Gìdáádò ló lọ. Ó kúnlẹ̀ ti ọ̀dọ́ abo náà, ó fi ọwọ́ gbá a ní ìhà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà ti wà ní pípadé tẹ́lẹ̀.

"Ó lóyún," ló wí.

Ìbídùn tẹ ẹwìrì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wúwo. "Baba, ẹ jẹ́ kí n jí wọn."

"Rárá."

"Ẹ gbọ́ mi ná."

"Ọmọ mi, ìwọ gbọ́ mi. Èyí tó kú yìí, màá sunkún rẹ̀, ó tán. Tó o bá jí wọn, ìjọba á kó gbogbo rẹ̀. Bàbá mi da màlúù, bàbá bàbá mi dà á. Kí n wá délé kí n sọ fún àwọn ọmọ mi pé màlúù wa wà láàyè ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa mọ́? Dúró díẹ̀. Ilẹ̀kùn lè ṣí nísinsìnyí."

Ìbídùn dúró díẹ̀. Ìgbà tí Oole bẹ̀rẹ̀ sí mí fúnra rẹ̀, tí kò sì lágbára, ó gbé ẹwìrì kalẹ̀, ó dá ìbomú padà sí i nímú, ó lọ sí ìdí àgbá, ó rọra yí afẹ́fẹ́ oorun wálẹ̀ dé ìdajì. Ó rò pé bóyá òun lè rí ibì kan láàrin, ibi tí iṣan á ti rí agbára díẹ̀ gbà padà tí ojú kò sì ní là. Kò pẹ́ tí etí akọ kan fi gbọ̀n. Ìrù òmíràn lu rọ́bà pàù. Níta, wọ́n gbọ́ ìró Ojú Bodè tó ń yí bọ̀ sápá ọkọ̀, kírírí, ìmọ́lẹ̀ tóóró kan sì gba ihò fèrèsé wọlé, ó ń rìn lórí ara àwọn màlúù, ó ń wá èyí tó mira.

Baba Gìdáádò di apá Ìbídùn mú. Ìbídùn yí afẹ́fẹ́ náà padà sókè. Ìmọ́lẹ̀ náà dúró díẹ̀ lórí etí akọ yẹn, ó sì lọ.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ lórí irin gbígbóná, ó gbé orí lé orúnkún. Ó rẹ̀ ẹ́ kọjá kó sunkún. Ohun tó ń rò kò ju pé kí ẹlòmíràn wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí, kí òun lọ wẹ̀, kí òun sùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn. Bó ti jókòó náà ló ń rí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ikùn sókè, àyà wọlé, ikùn sókè, àyà wọlé, ti àwọn mìíràn sì ti kéré débi pé èèyàn ní láti tẹjú mọ́ ọn kó tó rí i.

"Baba," ló wí láìgbé orí sókè, "ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò mọ̀ fún yín. Afẹ́fẹ́ tó wà lára wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jáde. Èémí náà ló ń gbé e jáde. Ẹran tí kò bá lè mí dáadáa kò lè lé oorun yẹn kúrò lára. Tí a bá dúró kọjá ibì kan, màá pa àgbá, màá yọ ìbomú, wọn ò sì ní jí. Ilẹ̀kùn yẹn lè ṣí lóòótọ́. Ó lè jẹ́ òkú la máa gbé kọjá."

Bàbá náà gbé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó dé e, ó tún ṣí i.

"Mi ò ní sọ pé kó o ṣe é," ló wí níkẹyìn. "Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́." Ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ìbídùn dìde. Ó di ọwọ́ irin àgbá mú, ó yí i títí tí kò fi lè yí mọ́, ìró ṣíì ṣíì sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìbomú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kalẹ̀, ó di àtẹ̀gùn sórí títì. Ó ń fi gbogbo ara ti màlúù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kúrò lórí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi àyà lélẹ̀, kí ikùn wọn má tún tẹ èémí wọn mọ́.

Akọ tí etí rẹ̀ gbọ̀n ló kọ́kọ́ lajú. Ó mí sínú, ìhà rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ jọ gbéra pọ̀. Ó sín. Ó fi orúnkún iwájú gbé ara rẹ̀, ó ṣubú, ó tún gbé e, ó dìde dúró, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì ké mùúù tó gba gbogbo oko kan.

Iná orí òpó di pupa.

"Màdáámù!" Ògúnsọlá ti dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ lérí. "Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe sí mi?"

"Mo jí wọn, ọ̀gá. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni, ẹ ò mọ̀ sí i."

Kò pẹ́ tí àwọn agbẹ́sẹ̀lé fi dé, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú mọ́tò kékeré tó ń pariwo. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ agbo ti sọ̀ kalẹ̀ sórí títì. Wọ́n dúró, ara wọn kò tíì le, wọ́n ń ṣẹ́jú sí oòrùn, itọ́ ń ṣe yọọ lẹ́nu wọn. Àwọn méjì mìíràn kò jí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́tò wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, wọn ò tíì rí màlúù tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, wọn ò sì mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tún fi afẹ́fẹ́ kùn wọ́n lóorun," ni èyí tó dà bí ọ̀gá nínú wọn pàṣẹ.

"Tí wọ́n bá tún fa afẹ́fẹ́ yẹn báyìí, wọn ò ní rí okun fi mí," ni Ìbídùn wí. "Wọ́n ti di màlúù ìjọba o. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa pa wọ́n?"

Wọ́n gbìmọ̀. Mọ́tò wọn kò lè gba màlúù. Ọgbà ìjọba kò sì jìnnà, ọ̀nà oko ni. Ọ̀gá wọn sún mọ́ Baba Gìdáádò, tó ṣì dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Baba, ẹ bá wa dà wọ́n lọ sí ọgbà."

"Màlúù ta ni?"

"Màlúù ìjọba."

"Kí ìjọba dà á."

Akọ náà ti ń nọrùn sí wáyà oko iṣu. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wáyà náà dún gíín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo oko, ó wo àwọn màlúù, gbogbo àṣẹ sì kúrò lójú rẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó rìn kọjá láàrin àwọn màlúù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí èyí, ó ń kan ọrùn tọ̀hún. Nígbà tó dé iwájú, ó ké ohùn kan látọ̀fun, ó gùn, kò sì lọ sókè. Akọ náà fa orí kúrò nínú wáyà. Gbogbo agbo yíjú sí i. Àwọn tí ọkọ̀ ti ń gbé lójú oorun láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn tò sẹ́yìn bàbá arúgbó náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Nígbà tó dé ọ̀gangan Ìbídùn, ó dúró. Kò wò ó lójú.

"Oole ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nílẹ̀, Baba."

"Má fi í sílẹ̀."

Ó sì lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì ń tẹ̀ lé e lókèèrè.

Ìbídùn padà sínú ọkọ̀. Oole nìkan ló kù tó ń gbìyànjú, ẹ̀gbẹ́ òkú mẹ́ta ló sì dùbúlẹ̀ sí. Ìbídùn gbé ẹwìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ ò fi ká mọ́. Ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògúnsọlá ni. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní bẹ́líìtì rẹ̀, àwọn agbẹ́sẹ̀lé ti ní kó mú Ìbídùn wá.

"Ẹ gbé e wá," ló wí.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ẹ máa wo àyà rẹ̀."

Ògúnsọlá gbà á. Ìbídùn fẹ̀yìn ti ògiri ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo ọwọ́ ńlá ọkùnrin náà tó ń ká, tó ń tú, tó ń ká, tó ń tú. Afẹ́fẹ́ oko ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì tutù díẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó tẹjú mọ́ ọn kó má bàa jẹ́ pé ojú òun ló ń ṣe òun.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná."

"Kí ló dé? Ṣé mo ti—"

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò."

Ògúnsọlá gbé ọwọ́ kúrò, ó nà wọ́n sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Ìhà Oole ṣí díẹ̀. Ikùn rẹ̀ gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wálẹ̀ pọ̀. Wọ́n dúró pẹ́ débi pé ọkùnrin náà tún fẹ́ mú ẹwìrì, wọ́n sì tún gbéra.

"Òun ló ń mí?" ni Ògúnsọlá bi í, ohùn rẹ̀ kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

Ìbídùn tú báàjì kúrò ní àyà rẹ̀, ó gbé e lé ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ògúnsọlá wo ọwọ́ náà. Ó wo màlúù. Kò fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde," ló wí, ó sì jókòó tì í.